ÀKÀYÉ: BÍ A TI Í FA ÌPARÍ ÈRÒ YỌ LÁTI INÚ ÀYỌKÀ KÚKÚRÚ

Oríṣi ìbéèrè méjì ni olùdánwò máa ń bèèrè lórí àyọkà. Ìkíní ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àyọkà gẹ́gẹ́ bí ẹyin ti í wà nínú ìtẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fara balẹ̀ kà á, yóò rí i, yóò sì mú un. Ìkejì ni ó ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàmú. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìlà kankan, ṣùgbọ́n àwọn ìlà tí ó wà níbẹ̀ ni ó bí i. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń lọ báyìí: ‘Kí ni a lè fà yọ láti inú àyọkà yìí?’ tàbí ‘Ohun tí àyọkà yìí fi yé wa ni pé ...’ Ìbéèrè kejì yìí nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí.

Kì í ṣe àìgbọ́ Yorùbá ni ó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kùnà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé, tàbí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wọn, ni wọ́n fi ń dáhùn. Olùdánwò kò bi ọ́ léèrè ohun tí o mọ̀. Ohun tí àyọkà náà gbà ọ́ láyè láti sọ ni ó bi ọ́. Bí àyọkà bá gbé ọ dé ẹnu odò, má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé o ti gúnlẹ̀ sí òdì kejì.

Àwọn àgbà a máa wí pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu, ó sì ní ibi tí a ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ yàrá ìdánwò yóò gba òdo. Wò ó dáadáa: ohun méjì péré ni òwe náà fún wa, igbe àná àti ikú òní. Kò sọ fún wa bóyá ara ọmọ náà le kí àjẹ́ tó ké. Bí ibà bá ti dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Pé ohun kan ṣáájú òmíràn kò fi hàn pé òun ni ó fà á. Bí àyọkà kò bá so ohun méjì pọ̀, tí kò sì fún ọ ní okùn tí o lè fi so wọ́n, má ṣe lọ wá okùn láti inú àpò ara rẹ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dàbí eré, a ó mú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ènìyàn ti kú nígbà tí gbogbo ayé ń wá ìparí èrò kiri. Òde-Ìrèlè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìkálẹ̀, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Òkìtìpupa. Ka àyọkà yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó wo ìbéèrè.

ÀYỌKÀ KÌÍNÍ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí a máa fọ́ ẹni tí ó bá mú, ojú rẹ̀ a máa ṣú bàìbàì, lẹ́yìn èyí kò ní mọ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú kí ọjọ́ kan tó pé. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 19 oṣù náà, ó kéré tán, ènìyàn 18 ti kú. Jìnnìjìnnì bo àwọn ará ìlú, nítorí pé kò tí ì pé ọdún kan tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ni ó ń bínú, nítorí pé a gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan já wọ ojúbọ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí a kọ́kọ́ ṣe kò fi kòkòrò àrùn hàn, ìbáà ṣe fáírọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe bakitéríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oògùn apakoríko ni àwọn fura sí. Àyẹ̀wò ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni a lè fà yọ láti inú àyọkà yìí?
(a) Òrìṣà ìlú ni ó pa àwọn ènìyàn náà.
(b) Àrùn Ebola ti padà sí Nàìjíríà.
(d) Oògùn apakoríko ni ó pa wọ́n.
(e) Títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, a kò tí ì ní ẹ̀rí tí ó tó láti sọ ohun tí ó pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò. Má ṣe sáré lọ síbi ìdáhùn. Ìdí tí mẹ́ta fi kùnà ni ẹ̀kọ́ wà.

(a) Àyọkà náà dárúkọ òrìṣà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wo bí ó ti dárúkọ rẹ̀: ‘Àwọn kan ní’. Lẹ́yìn èyí ó tún sọ pé ‘a gbọ́ pé’. Bí òǹkọ̀wé bá ròyìn ohun tí ẹlòmíràn sọ, kò túmọ̀ sí pé òun fọwọ́ sí i. Ohun tí o lè fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú ìlú gbà bẹ́ẹ̀. O kò lè fà á yọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Kì í ṣe pé ìwé ìdánwò ń bá òrìṣà jà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdílé rẹ̀ ń sin òrìṣà lè sáré mú (a) nítorí pé ó ti gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn tí ó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ mọ́sálásí lè sáré fa igi lé e nítorí pé kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òrìṣà rárá. Àwọn méjèèjì ni ó ti kúrò nínú àyọkà. Ẹni kejì bọ́ sí ọ̀nà tí ó tọ́ lásán ni, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

(b) Èyí burú ju ti ìṣáájú lọ. Àyọkà dárúkọ Ebola kí ó lè sọ ìdí tí ẹ̀rù fi ba àwọn ènìyàn. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí. Síwájú sí i, fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa Ebola, àyọkà sì ti sọ pé àyẹ̀wò kò fi fáírọ́ọ̀sì hàn. Níhìn-ín, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ kan tí ó wúlò púpọ̀: ohun tí àyọkà dákẹ́ lé lórí yàtọ̀ sí ohun tí àyọkà takò. Àyọkà dákẹ́ nípa ohun tí òrìṣà ṣe tàbí tí kò ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ takò Ebola. Bí olùdánwò bá bèèrè pé, ‘Èwo ni kò lè jẹ́ òtítọ́ gẹ́gẹ́ bí àyọkà?’, ohun tí àyọkà takò ni kí o wá. Bí ó bá sì bèèrè pé, ‘Èwo ni àyọkà kò sọ?’, èyí tí ó dákẹ́ lé lórí ni.

(d) Níbí yìí ni àwọn tí ó ti la (a) àti (b) kọjá máa ń ṣubú sí. Orúkọ Àjọ Ìlera Àgbáyé tóbi létí wọn. Wọ́n rò pé ohun tí àwọn onímọ̀ bá ti sọ, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni àjọ náà sọ? Ó ní àwọn ‘fura sí’ oògùn apakoríko. Ìfura náà kò burú: kòkòrò àrùn kò sí, ikú náà yá kánkán, agbègbè àgbẹ̀ sì ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fura kò tí ì mọ̀. Bí a bá fura sí ọmọ aládùúgbò pé ó jí adìẹ, a kì í tìtorí èyí mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n. Fi pẹ́ńsùlù rẹ fa ìlà sí abẹ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí nígbàkígbà tí o bá rí i: fura, rò pé, bóyá, ó jọ pé, ó ṣeé ṣe. Wọ́n jẹ́ ìjánu tí òǹkọ̀wé fi sí ẹnu gbólóhùn rẹ̀. Bí o bá bọ́ ìjánu náà kúrò, gbólóhùn rẹ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

(e) Èyí ni ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ràn irú rẹ̀ nítorí pé ó dàbí ẹni tí ó ń sá fún ìjà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó wà nínú àyọkà ni ó gbè é lẹ́yìn: a kò mọ orúkọ àìsàn náà, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò rí nǹkan, àwọn onímọ̀ ṣì ń fura, àyẹ̀wò sì ń lọ lọ́wọ́. Kíyè sí i pẹ̀lú pé kò sọ pé a kò ní mọ ohun tí ó pa wọ́n láé. Ó dá ọjọ́ sí i: ‘títí di ọjọ́ 19’. Bí ó bá jẹ́ pé ‘Ẹnikẹ́ni kò lè mọ ohun tí ó pa wọ́n’ ni olùdánwò kọ, ìdáhùn náà ìbá ti bàjẹ́.

Ẹni tí ó bá sì mú (d) ní ọjọ́ 19 kò ní pẹ́ kábàámọ̀, nítorí ohun tí ó tẹ̀ lé e nìyí.

ÀYỌKÀ KEJÌ

Nígbà tí àyẹ̀wò parí ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, methanol ni wọ́n bá lára àwọn aláìsàn Òde-Ìrèlè. Wọ́n sì ti mu ògógóró kí àìsàn tó mú wọn. Ìbátan ọtí tí a ń mu ni methanol. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni. Bí ó bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di ásíìdì kan tí í máa ba iṣan tí a fi ń ríran jẹ́. Kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí 12 sí 24 kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Bí aláìsàn bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, oògùn wà tí ó lè dí májèlé náà lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí irú ikú kan náà fi ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ NAFDAC fi òfin de ògógóró.

Àyọkà yìí lọ́rọ̀, nítorí náà a ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun ni a lè fà yọ níbẹ̀ tí kò sọ ní gbangba. Àyọkà kìíní sọ pé ojú àwọn aláìsàn ṣú. Àyọkà kejì sọ pé methanol a máa ba iṣan ìríran jẹ́. A lè so méjèèjì pọ̀, nítorí pé àyọkà fún wa ní okùn. A tún lè fà á yọ pé ẹni tí ó mu ún ní alẹ́ lè sùn kí ó sì jí láìmọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun, tí yóò fi di ọ̀sán. Àyọkà kò kọ ‘alẹ́’ tàbí ‘ọ̀sán’, ṣùgbọ́n wákàtí 12 láti aago mẹ́wàá alẹ́ kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lọ. Ìṣirò ni èyí, kì í ṣe àbá.

Nísinsìnyí, wo gbólóhùn yìí: ‘Gbogbo ògógóró ni ó ní májèlé nínú.’ Ṣé a lè fà á yọ? Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò sì nawọ́ sí òfin NAFDAC. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyọkà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn kan mu ní ìlú kan, ní oṣù kan. Ó ṣeé ṣe gidigidi pé inú ohun mímu náà ni methanol wà. Ṣùgbọ́n bí ó ti dé ibẹ̀ kò sí nínú àyọkà: kò sọ bóyá ẹni tí ó sè é ni kò mọ iṣẹ́, kò sì sọ bóyá ẹnì kan ni ó da nǹkan mọ́ ọn kí ó lè pọ̀. Òfin tí ìjọba ṣe sì ń sọ ohun tí ìjọba bẹ̀rù fún wa. Kò sọ ohun tí ó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí ní agbègbè wa. Àwọn tí ń dá ògùrọ̀ tí wọ́n sì ń sè é di ògógóró wà láti ayé bàbá ńlá wa, iṣẹ́ náà sì ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Láti inú ‘àwọn kan’ dé ‘gbogbo’, ọ̀nà jìn, oúnjẹ òòjọ́ àwọn ènìyàn sì wà ní ojú ọ̀nà náà.

Bákan náà ni òdì kejì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè sọ pé, níwọ̀n bí àwọn bàbá wa ti ń mu ún láti ọjọ́ pípẹ́, kò lè pa ènìyàn. Èyí pẹ̀lú kò sí nínú àyọkà. Ó sì léwu, nítorí pé àyọkà sọ pé ojú lásán kò lè dá methanol mọ̀. Ẹni tí ó ti mu ún ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láìsí ewu kò tìtorí èyí mọ ohun tí ó wà nínú ìgò kọkànlélọ́gọ́rùn-ún.

(Bí o bá mọ̀ pé ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ti fi òfin de ògógóró rí kí a tó bí àwọn òbí rẹ, ìmọ̀ rere ni, ó sì lè wúlò nínú àròkọ. Nínú àkàyé, kò ní mú máàkì kan ṣoṣo wá fún ọ.)

ÀWÒKỌ́ ÌDÁHÙN

Nígbà mìíràn olùdánwò kì í fún ni ní a, b, d, e. Yóò ní kí o kọ ìdáhùn ní ìpínrọ̀ kan. Bí àpẹẹrẹ: ‘Pẹ̀lú ẹ̀rí láti inú àyọkà kejì, ṣàlàyé ohun tí ìyàwó kan yóò parí èrò sí, bí ọkọ rẹ̀ tí ó mu ògógóró ní àná bá sọ ní ọ̀sán òní pé ojú òun ń ṣú.’ Ìdáhùn tí ó dára nìyí:

‘Ìyàwó náà kò lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé methanol ni ó ń dà ọkọ òun láàmú, nítorí pé ohun mìíràn lè mú kí ojú ènìyàn ṣú. Ṣùgbọ́n ó ní ìdí pàtàkì láti fura. Ọkọ rẹ̀ ti mu ògógóró, àkókò tí ó kọjá láti ìgbà tí ó ti mu ún sì bá wákàtí 12 sí 24 tí àyọkà dárúkọ mu. Pé ara rẹ̀ yá ní òwúrọ̀ kò fi hàn pé ewu kò sí, nítorí pé májèlé yìí kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Níwọ̀n bí oògùn ti wà fún ẹni tí ó bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láìdúró de ìdánilójú. Kò sí ìdí fún un láti bẹ̀rù pé àìsàn náà yóò ràn òun tàbí àwọn ọmọ òun bí ó bá jẹ́ methanol.’

Wo bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti ṣe é. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kọ́kọ́ pa ààlà: ó sọ ohun tí a kò lè sọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí a lè sọ, ó sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun kan nínú àyọkà. Gbólóhùn ìkẹyìn ni ó wù mí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìṣọ́ra ìbá kọ pé, ‘Àìsàn náà kò ní ràn án.’ Ṣùgbọ́n ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò dá òun lójú pé methanol ni. Nítorí náà ó fi ‘bí ó bá jẹ́ methanol’ sí i. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, àwọn ni ó sì fi hàn pé ó rántí ohun tí ó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kíyè sí èyí pẹ̀lú: àìní ìdánilójú kò sọ pé kí obìnrin náà jókòó tẹtẹrẹ. Ìparí èrò nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ìparí èrò nípa ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ìfura lásán tó láti gbé ènìyàn lọ sí ilé-ìwòsàn. Kò tó láti pe ẹni tí ó ta ọtí náà ní apànìyàn.

NÍPA ‘GBOGBO’ ÀTI ‘BÍ ... BÁ’

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yìí ti pa àwọn ọlọ́gbọ́n. Gbogbo ọmọ Òkìtìpupa ni ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọmọ Òkìtìpupa. Kò sí ẹni tí yóò ṣi èyí ṣe, nítorí pé a mọ ilẹ̀ náà. Fi ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ dáadáa rọ́pò wọn, ìwọ yóò rí àwọn tí yóò yí i po.

Ti ‘bí ... bá’ tún ṣòro jù. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé a tutù. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ tutù. Ṣé òjò rọ̀? Bóyá. Ó lè jẹ́ pé ìyá ilé ni ó gbé àpò púpurú síbẹ̀, tí omi ẹ̀gẹ́ ń ro jáde. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, a lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò kò rọ̀. Ní Òde-Ìrèlè, methanol a máa ba ojú jẹ́. Síbẹ̀, ojú tí ó ṣú nìkan kò tó fún àwọn dókítà láti pè é ní methanol. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti dúró de àyẹ̀wò.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ púpurú, ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àyọkà kan.

ÀYỌKÀ KẸTA

Púpurú jẹ́ oúnjẹ pàtàkì láàárín àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe é. A ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. A ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó sì gbé ohun tí ó wúwo lé e kí omi lè jáde. Lẹ́yìn èyí a ó ṣù ú ní roboto, a ó tò ó sórí àjà tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Òde rẹ̀ a dúdú, inú rẹ̀ a sì funfun. A ó ha èyí tí ó dúdú dànù, a ó gún ìyókù, a ó sì jọ̀ ọ́ kí a tó rò ó nínú omi gbígbóná.

Ìbéèrè: Ohun tí a lè fà yọ ni pé
(a) púpurú ṣe ara lóore ju gàrí lọ.
(b) a lè gbẹ púpurú ní àkókò tí oòrùn kò ràn.
(d) rírẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi a máa dín oró inú rẹ̀ kù.
(e) èéfín ni ó ń mú kí inú púpurú funfun.

Ìdáhùn ni (b). Iná ni ó ń gbẹ ẹ́, kì í ṣe oòrùn. Bí a kò tilẹ̀ dárúkọ òjò nínú àyọkà, ó yọjú fúnra rẹ̀. (a) fi púpurú wé ohun tí kò sí níbẹ̀. (e) da òde pọ̀ mọ́ inú. Ṣùgbọ́n (d) ni mo fẹ́ kí o wò. Òtítọ́ ni. Ẹ̀gẹ́ ní oró tí ń jẹ́ sáyánáìdì, rírẹ rẹ̀ sínú omi sì wà lára ohun tí í máa dín in kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mọ èyí, ó sì lè mú (d) pẹ̀lú ìgboyà. Yóò kùnà. Ìdí kan ṣoṣo tí àyọkà fún wa nípa rírẹ náà ni pé kí ó lè rọ̀. Gbólóhùn lè jẹ́ òtítọ́ láyé kí ó má sì jẹ́ ohun tí àyọkà bí.

ÌDÁNRAWÒ

Ka àyọkà ìsàlẹ̀ yìí, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ sínú ìwé kí o tó wo àlàyé tí ó tẹ̀ lé e.

Ìró kan wà nínú ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, èyí tí a máa ń kọ ní gh. A ń gbọ́ ìró náà nínú ẹ̀ka-èdè Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ pẹ̀lú. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ kò ní in. Èdè Ìbíní ní in, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Ìgbò.

Láti inú àyọkà yìí, a lè sọ pé
(a) láti Ìbíní ni àwọn Ìkálẹ̀ ti wá.
(b) Oǹdó ni ó kọ́ àwọn Ìkálẹ̀ ní ìró gh.
(d) níní ìró kan náà nìkan kò tó láti fi mọ orírun àwọn ènìyàn kan.
(e) ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ti sọ ìró gh nù.

Ìdáhùn ni (d). Àwọn ìtàn àtẹnudẹ́nu wà tí ó so àwọn ìlú Ìkálẹ̀ kan mọ́ Ìbíní, ẹni tí ó bá sì gbọ́ wọn rí lẹ́nu bàbá rẹ̀ yóò fẹ́ mú (a). Dán an wò báyìí: bí níní gh bá sọ Ìkálẹ̀ di ọmọ Ìbíní, a jẹ́ pé ó sọ ọ́ di ọmọ Ìgbò pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí yóò gba ìkejì. Nítorí náà ìkíní pẹ̀lú kò lè dúró lórí ìró yìí nìkan. Bí ìtàn Ìbíní bá jẹ́ òtítọ́, ẹ̀rí rẹ̀ wà níbòmíràn, kò sí nínú ìlà mẹ́rin wọ̀nyí. (b) sọ ẹni tí ó kọ́ ẹnì kejì, àyọkà kò sì sọ ẹni tí ó ṣáájú.

Bí o bá mú (e), má ṣe banújẹ́ púpọ̀, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n padà lọ ka àyọkà. Ó ní Ọ̀yọ́ ‘kò ní in’. Ẹni tí kò ní àpò lè ti sọ ọ́ nù, ó sì lè jẹ́ pé kò ní ọ̀kan rí láti ọjọ́ tí a ti bí i.